Mo ríṣẹ́ tí màá máa ṣe látilé, yàrá méjì la ń gbé l'Akóbọ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ fowó rà?

Àdùnní_Akóbọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run ti ṣe é, mo ríṣẹ́ níléeṣẹ́ kan ní London, iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn. Ilé ni màá ti máa ṣe é, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́. Gbogbo èyí tó kù, ọwọ́ mi ló wà.

Yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré la ní, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ọdún mẹ́ta. Igun kan wà nínú yàrá kejì tá a máa ń kó ẹrù sí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ lò. Owó tí mo tù jọ jẹ́ ₦700,000. Ọkọ mi ní ká fi gbogbo ẹ̀ ra ínfátà. Àbúrò mi ní tábìlì àti àga tó dáa ló yẹ kó ṣáájú, torí wọ́n á máa rí mi nínú fídíò. Iná tiwa, Band C ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kó ṣáájú?

Wáyà_Gidi

Ẹ kú oríire o, àǹtí. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì ti so ínfátà fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé níbí n'Ìbàdàn. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa tàn nígbà iṣẹ́ àti iye wáàtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù, bíi 50. Tẹ́ ẹ bá máa gbé ojú kọ̀ǹpútà kejì sí i, 20. Ráútà, 10. Gílóòbù LED, 10. Fáànù onídùúró, ẹ pè é ní 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140. Wákàtí mẹ́jọ lẹ máa fi ṣiṣẹ́, 140 lọ́nà 8 jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,120. Ohun tẹ́ ẹ nílò lójúmọ́ nìyẹn bí iná ìjọba ò bá tiẹ̀ yọjú rárá.

Ẹ wá wo bátìrì. Bátìrì olómi 12V tó jẹ́ 200Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pa mọ́), 12 lọ́nà 200, ó fún wa ní wáàtì-wákàtí 2,400. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí bátìrì olómi pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í lò ó kọjá ìdajì, torí náà 1,200 ló wà nílẹ̀. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀. Ó ku 1,080. Ẹ rí i pé ó kù díẹ̀ kó tó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa fáànù onídùúró tì, tẹ́ ẹ lo fáànù oníbátìrì tó ń jẹ 20, àpapọ̀ yẹn di 110, lọ́nà 8 ó jẹ́ 880. Ó ti tó nìyẹn, ó tiẹ̀ tún ṣẹ́kù. Fáànù kan ṣoṣo ló fà á. Àwọn tí ò bá ṣe ìṣirò yìí ni wọ́n máa ń rà bátìrì méjì nígbà tí ọ̀kan tó wọn, tàbí kí wọ́n ra ọ̀kan kí iná kú lé wọn lórí láago mẹ́ta ọ̀sán.

Ínfátà 1kVA tó fún irú iṣẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ ṣáà béèrè èyí tó jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń ṣàn déédéé bíi ti ìjọba, torí àwọn yòókù máa ń jẹ́ kí fáànù máa kùn, wọ́n sì máa ń mú ṣájà gbóná. Áyọ́ọ̀nù àti bùléńdà ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn o.

Wáyà_Gidi

Mo gbàgbé ti Band. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Band A ti fò sókè ni gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ Band, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò mọ ohun tó wé mọ́ ọn. Wákàtí tó yẹ kí iná wà ló ń sọ: Band A, wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé wákàtí wo ni. Wákàtí 12 tiyín lè jẹ́ aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀, kẹ́ ẹ má sì rí iná kankan lásìkò iṣẹ́. Torí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ìgbà tó ń dé àti ìgbà tó ń lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òru ló máa ń wá, ó yá mi lára láti sọ pé orí yín sunwọ̀n: bátìrì á máa kún lóru, ẹ ò ní láti ra sólà báyìí. Tó bá jẹ́ pé kò ní àkókò kan pàtó, ìyẹn la máa wá sọ̀rọ̀ sólà sí.

Físíò_Ìjẹ̀bú

Àǹtí Àdùnní, ẹ kú oríire. Èmi ò ní bá Bọ̀dá Wáyà jiyàn lórí iná, àmọ́ mo fẹ́ gbèjà àga. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, àwọn tí wọ́n ń fi àga ìjẹun ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú ọrùn tó gan, ejìká tó ń ro wọ́n àti ìbàdí tí ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àga tẹ́ ẹ máa rà, kò dìgbà tó bá jẹ́ tuntun. Àga ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tó dáa sàn ju àga tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ jókòó sórí ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹsẹ̀ yín méjèèjì gbọ́dọ̀ balẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún yín á sì ṣe déédéé pẹ̀lú ìbàdí. Ẹ̀yìn àga náà gbọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín, níbi tó ti kó sínú díẹ̀ yẹn. Ẹ tẹ irin tó ń gbé e sókè, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ohun kejì ni láptọ́ọ̀pù. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lò ó lásán tí kò ní pa yín lára fún wákàtí mẹ́jọ. Tí ojú ẹ̀ bá ga tó, ọwọ́ á ga jù. Tí ọwọ́ bá wà níbi tó yẹ, ọrùn á tẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó máa tún un ṣe ni kẹ́ ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lé nǹkan títí etí òkè ojú ẹ̀ á fi ṣe déédéé pẹ̀lú ẹyinjú yín, kẹ́ ẹ wá ra kíìbọọ̀dù àti máòsì ọ̀tọ̀. Owó kékeré ni. Nínú gbogbo ohun tá a máa dárúkọ níbí, òun ló dín ìnira kù jù fún owó tó ń gbà. Ní ti ojú, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé ojú kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó jìnnà tó ogún ẹsẹ̀ bàtà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Ọmọ_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Físíò. Káfíńtà lèmi, ẹ jẹ́ n sọ ti tábìlì.

Tábìlì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, gíga ẹ̀ máa ń tó ínǹṣì 29 sí 30. Ọkùnrin tó ga ni ìyẹn bá mu. Obìnrin tí ò ga púpọ̀ tó bá jókòó síbẹ̀ á máa gbé ejìká sókè látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ jókòó sórí àga tẹ́ ẹ bá rà, kẹ́ ẹ sọ apá sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ká ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó fẹ́ tẹ kíìbọọ̀dù. Kí ọkọ yín fi téèpù wọn ìgbọ̀nwọ́ yín sílẹ̀. Gíga tábìlì yín nìyẹn. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́ta, ó sábà máa ń bọ́ sí bíi ínǹṣì 26. Ìdí nìyí tí àga fi gbọ́dọ̀ ṣáájú tábìlì o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín kan tábìlì kẹ́ ẹ tó ra àga.

Ní ti pákó, búláyì (plywood) kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin. Tábìlì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí méjì tó fún yín, bẹ́ẹ̀ búláyì kan á fún èèyàn ní òkè tábìlì mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa pín in, tàbí kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà bóyá ó ní ìdá kan tó ṣẹ́kù. Kó jẹ́ èyí tó nípọn tó mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì. Ẹ má gba pákó oníyẹ̀fùn tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lójú. Omi ẹyọ kan ló máa wú u. Ẹsẹ̀ ẹ̀, pákó líle méjì-sí-méjì láti ọjà pákó Bódìjà ti tó. Kó dá ihò kan sẹ́yìn fún wáyà. Pákó tó bá ṣẹ́kù, kó fi kan ohun tẹ́ ẹ máa gbé láptọ́ọ̀pù lé fún yín, ẹ ò ní láti rà á.

Kúnlé_Ráútà

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àga àti iná, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí àǹtí yìí fẹ́ ṣe, ẹnu ni wọ́n ń fi ṣe é. Tí oníbàárà ò bá gbọ́ wọn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Èmi ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kó ṣáájú!

Àǹtí, ẹ má ra ráútà nítorí pé aládùúgbò ń lò ó tó dáa. Ẹ yá síìmù ẹ̀ka mẹ́ta (iléeṣẹ́ tó ń ta dátà ni mò ń pè ní ẹ̀ka), ẹ jókòó gan-an sí igun yẹn, lásìkò iṣẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò bó ṣe ń yá sí. Ojú ọ̀sán àti òru ò rí bákan náà, yàrá àti pálọ̀ nínú ilé kan náà ò sì rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn iye tó ń wọlé nìkan ni wọ́n máa ń wò. Èyí tó ń jáde ló gbé ohùn yín lọ, òun ni kẹ́ ẹ wò. Ìpè fídíò kan ò fẹ́ ju bíi Mbps mẹ́rin lọ (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá sí), lọ àti bọ̀, ohùn lásán ò sì fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni èyí tí kì í já.

Èyí tó dáa jù ẹ fi sínú ráútà. Èyí tó ṣìkejì, tó jẹ́ ẹ̀ka míì, ẹ fi sínú fóònù, kẹ́ ẹ máa ra dátà díẹ̀ sí i lóṣooṣù. Tí ráútà bá kú, ẹ fi wáyà USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó dúró ṣinṣin ju wáìfáì fóònù lọ, láptọ́ọ̀pù á sì máa ṣájì fóònù náà. Ẹ rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Báńkì dákẹ́, ẹ̀ka kan dákẹ́, òmíì ń rá kòrò. Àwọn tó ní ju ọ̀nà kan lọ ni wọ́n rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún lọ sínú ìtò (settings) láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ sọ fún un pé dátà tẹ́ ẹ ń lò ní ìwọ̀n, èyí tí Windows ń pè ní metered connection. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á fi ọ̀sán gangan gbé àtúnṣe ńlá wọlé, dátà yín á sì yọ́.

Wáyà_Gidi

Àbúrò Kúnlé, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ráútà tí iná ò sí lẹ́yìn ẹ̀, páálí lásán ni. Jẹ́ ká so ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà máa ń tan ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i bí iná bá lọ tí ínfátà gbà á, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú méjì kó tó tún padà sórí ìlà, oníbàárà á sì ti gé ìpè. UPS kékeré kan wà tí wọ́n ṣe fún ráútà, bátìrì tí kì í jẹ́ kó kú bí iná bá lọ, kò tóbi ju ìwé lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà kẹ́ ẹ tó rà á: tó bá kọ 12V, UPS gbọ́dọ̀ jẹ́ 12V, 9V ló bá kọ, 9V ni. Àṣìmú rẹ̀ máa ń ba ráútà jẹ́.

Àdùnní_Akóbọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkókò iná sílẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí, Bọ̀dá Wáyà: ṣé mo lè gbé bátìrì náà sábẹ́ tábìlì mi kí wáyà má baà gùn? Ẹnì kan tún sọ pé kí n gba jẹnẹrétọ̀ kékeré dípò ínfátà, kí n gbé e sí fàráǹdà.

Wáyà_Gidi

Rárá, fún méjèèjì. Bátìrì olómi máa ń tú gáàsì jáde tó bá ń gba iná, gáàsì náà sì lè gbiná. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde lẹ ń gbé e sí: kọ́rídọ̀, fàráǹdà tí òjò ò lè dé, tí ọwọ́ ọmọ kékeré ò sì lè tó. Ásíìdì ló wà nínú ẹ̀. Ẹ máa yẹ omi ẹ̀ wò lóṣooṣù, omi bátìrì ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá lówó sí i, bátìrì lítíọ́ọ̀mù ò fẹ́ omi, ó sì lè wà nínú ilé. Èyí tó jẹ́ 100Ah fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú olómi 200Ah, torí a lè lò ó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá láìṣe é léṣe, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e sí fàráǹdà tó wà nítòsí fèrèsé. Èéfín ẹ̀ ní gáàsì kan tí kò rùn, tí ojú ò rí, ó sì ti pa odindi ìdílé sójú oorun lórílẹ̀-èdè yìí. Orí ní í kọ́kọ́ máa ń fọ́ èèyàn, kí oorun tó gbé e lọ. Ẹ ò sì lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nínú ariwo ẹ̀.

Àkàndé_Manchester

Àǹtí wa, ẹ kú oríire. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ látilé níbí, mo sì ń bá àwọn ará Nàìjíríà ṣiṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án wọn kì í ṣe aago mẹ́sàn-án yín nígbà gbogbo o. Láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta sí Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago London àti ti Nàìjíríà bá ara wọn mu. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dá aago tiwọn padà sẹ́yìn, aago mẹ́sàn-án wọn á wá di mẹ́wàá yín, ẹ ó sì ṣíwọ́ láago mẹ́fà. Ẹ tún ìṣirò bátìrì ṣe nígbà yẹn, torí ilẹ̀ á ti ń ṣú.

Níbí, òfin kan wà láti ọdún 1992 tó ní kí ilé iṣẹ́ ṣàyẹ̀wò ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń lo kọ̀ǹpútà, títí kan ilé ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá wà ní London á mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín pé ṣé ẹ lè rí ìwé àyẹ̀wò náà gbà, ṣé wọ́n sì ní owó tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ fún àga àti héédìsẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń tijú béèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ń béèrè.

Fún fídíò, ẹ má jókòó kí fèrèsé wà lẹ́yìn yín, ojú yín á dúdú pátápátá. Ẹ kọjú sí i, tàbí kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹrù tó wà ní igun yẹn ò ní kẹ́ ẹ tún ilé kọ́, aṣọ ìkélé kan tí àwọ̀ ẹ̀ tutù ti tó.

Fọlákẹ́_Sángo

Kí ló dé tẹ́ ò kúkú gba àyè ní àwọn ọ́fíìsì àjọlò tó wà ní Bódìjà? Iná wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹrù ò ní dà sílé yín.

Ìyá_Ìbejì

Fọlákẹ́ mi, ó dáa fún ẹni tó ń kọ̀wé tàbí tó ń yàwòrán. Àmọ́ iṣẹ́ ìpè ni tiwọn. Wọ́n á máa dárúkọ oníbàárà, wọ́n á máa ka àdírẹ́sì onítọ̀hún sókè láàárín àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò gbà á. Owó ọkọ̀ láti Akóbọ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́?

Àdùnní, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin yìí ò tíì sọ ni ti ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpàdé. Ohùn ìyá ẹ̀ ló mọ̀, tó bá sì ti gbọ́ ọ, á fẹ́ wọlé. Ẹ má ronú pé ẹ lè máa ṣọ́ ọ kẹ́ ẹ sì máa dáhùn ìpè. Nínú ₦700,000 yẹn, ẹ yọ owó jẹ́lé-ó-sinmi sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, títí owó oṣù àkọ́kọ́ á fi dé. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ohun èlò ọ́fíìsì, àmọ́ fún abiyamọ, òun gan-an ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ẹ sì sọ fún àwọn ẹbí báyìí, kó má di ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nílé lọ́sàn-án, àwọn èèyàn wa gbà pé kò níṣẹ́ ni. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ bá àwọn dúró de oníwáyà, kẹ́ ẹ bá àwọn gba ẹrù, kẹ́ ẹ bá àwọn mú ọmọ níléèwé. Ìyá ọkọ á wá kí yín láago mọ́kànlá, ẹ ò sì ní lè dìde. Kí ọkọ yín fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ẹ̀ ṣáájú. Tó bá tẹnu yín jáde, wọ́n á ní ìwà ti yí padà.

Fún ariwo, ẹ ra héédìsẹ́ẹ̀tì onígbohùngbohùn tó ń súnmọ́ ẹnu, èyí tó ń dín ariwo ẹ̀yìn kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹ̀rọ ata ló wà, oníbàárà ò sì gbọ́ ọ rí.

Àdùnní_Akóbọ̀

Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó lóun máa pe ìyá òun lálẹ́ yìí.

Iná tí mo kọ sílẹ̀: ó sábà máa ń dé láago mẹ́wàá alẹ́, á lọ láago mẹ́fà àárọ̀, lọ́jọ́ míì á tún yọjú díẹ̀ lọ́sàn-án. Ilé iṣẹ́ ti fèsì, wọ́n ní àwọn á san owó héédìsẹ́ẹ̀tì àti kíìbọọ̀dù. Físíò, mo ti rí àga tòkunbọ̀ kan, ó ti ẹ̀yìn mi dáadáa, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá ku bátìrì olómi tàbí lítíọ́ọ̀mù, torí tí mo bá yọ owó jẹ́lé-ó-sinmi àti ti káfíńtà, lítíọ́ọ̀mù á gbé gbogbo èyí tó kù lọ.

Wáyà_Gidi

Ẹ gba olómi kan, 200Ah. Wákàtí mẹ́jọ lóru máa kún un padà, torí ìdajì lásán lẹ ń lò, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti ra ínfátà tí ṣájà ẹ̀ lágbára tó 15A sókè. Tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ilẹ̀ á mọ́ kó tó kún. Kí ẹni tó máa so ó fún yín ya wáyà igun yẹn sọ́tọ̀, kí ó má so gbogbo ilé mọ́ ọn, torí ẹnì kan á ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Kó tún fi ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá ga jù sáàárín iná ìjọba àti ínfátà. Iná tó bá ń padà dé lóru kì í wọlé jẹ́jẹ́ ládùúgbò wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú Sátidé kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa iná ìjọba láti ara mítà láago mẹ́wàá, ẹ tan gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa lò, kí Kúnlé tàbí àbúrò yín máa pè yín lórí fídíò látìgbàdégbà títí di aago mẹ́fà, nítorí aago tí Bọ̀dá Àkàndé sọ yẹn. Ẹ kọ iye tí bátìrì kà sílẹ̀ láago mẹ́fà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbí. Tó bá ti rẹlẹ̀ ju 12.0V lọ nígbà yẹn, ẹ má tíì bínú, ẹ sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ tàn, a ó jọ wá èyí tó ń jẹ ẹ́ jù.

Kúnlé_Ráútà

Mo wà ńlẹ̀ ní Sátidé, àǹtí. Ẹ fi nọ́ńbà ráńṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.